Ọyẹ́ Kò Pa Ìbejì Ọ̀run Rẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Niamey tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe é: pé ojú ọ̀run ìlú yẹn kò ṣe é wò. Olùkọ́ físíìsì á sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ará wa tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀ á mirí sí i. Wọ́n ní eruku pọ̀ jù. Wọ́n ní iná ìgboro ti lé òkùnkùn lọ. Wọ́n ní awò awọ̀nàjíjìn tí apá mẹ̀kúnnù ká kò lè rí ohun gidi kan. Èyí tó wá dé kẹ́yìn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù, ni pé Gaia, sátẹ́láìtì tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní oṣù Kejìlá 2013, ti wọn ìràwọ̀ tó súnmọ́ bílíọ̀nù méjì. Kí wá ni ẹnì kan tó jókòó sórí òrùlé ní àdúgbò Boukoki tún ń wá kiri?

Mi ò gbà, mi ò sì ní fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti fi irú ìwòràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe òdiwọ̀n gbogbo ìwòràwọ̀. Àwòrán aláràbarà tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n dá ọ̀run lẹ́bi. Iṣẹ́ kan wà tó bá Niamey mu, tó bá awò kékeré mu, tí eruku kò sì lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Iṣẹ́ náà ni wíwo ìràwọ̀ ìbejì inú àwọn agbo ìràwọ̀.

Agbo ìràwọ̀ tí mo ń wí ni àwọn ìràwọ̀ tí ìkùukùu kan náà bí, ní sáà kan náà, tí wọ́n ṣì jọ ń rìn. Pleiades ni ayé mọ̀ jù nínú wọn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Kaza Maiyaya, adìyẹ ọlọ́mọ. Ó tó nǹkan bí 440 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Mẹ́fà tàbí méje ni ojú lásán ń rí nínú rẹ̀, àmọ́ ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ni kì í dá gbé. Méjì á máa yí ara wọn po, nígbà mìíràn mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi ojú lásán wò wọ́n, ẹyọ kan ni. Tí ẹ bá fi awò wò ó, ó di ìbejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti eruku, nítorí òun ni wọ́n ń fi dẹ́rù bani jù. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ tó ń bo Niamey láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá. Kò sẹ́ni tó lè ní kò sí. A ń gbá a kúrò lórí tábìlì láàárọ̀, ó tún ti débẹ̀ lọ́sàn-án. Àmọ́ kí ni ó ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ gan-an? Ó ń dín in kù, ó parí. Àwọn ohun tí ìmọ́lẹ̀ wọn fọ́n ká fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn (galaxy), eruku á gbé wọn mì, iná ìgboro á sì jẹ èyí tó kù. Ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kó jọ sí, bí eruku bá sì mú ìdajì lọ, ìdajì á máa tàn. Ẹ gbé àtùpà méjì sẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn: wọn á ṣú díẹ̀, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín wọn kò ní fi ìka kan yẹ̀. Àlàfo yẹn sì ni ẹni tó ń wo ìbejì ọ̀run ń wọ̀n.

Ọ̀tá rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá ń dàrú, ìràwọ̀ á máa jó nínú awò, ìbejì á lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Bí ó bá fara balẹ̀, wọn á yà sọ́tọ̀ kedere. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí lágbàáyé mọ̀ pé alẹ́ tí kùrukùru díẹ̀ wà lójú ọ̀run sábà máa ń jẹ́ alẹ́ tí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, nígbà tí alẹ́ tó mọ́ gaara lẹ́yìn ìjì máa ń jẹ́ kí ìràwọ̀ máa gbọ̀n pìrì. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n fi ń bú Niamey lè jẹ́ àǹfààní rẹ̀! Mi ò sọ pé gbogbo alẹ́ ọyẹ́ ló dára. Ọjọ́ mìíràn wà tí eruku á nípọn débi pé òṣùpá alára á sọnù. Ẹ lọ sùn lọ́jọ́ yẹn. Kọnkéré àti páànù tí oòrùn yan látàárọ̀ náà ń tú ooru sókè lálẹ́, nítorí náà ẹ má kánjú. Ẹ gbé awò síta kó tutù, kí ilẹ̀ náà tutù díẹ̀, kí ẹ má sì wo ìràwọ̀ tó wà lókè páànù aládùúgbò yín gẹ́lẹ́. Bí eruku bá bà sí dígí awò, ẹ fẹ́ ẹ dànù. Ẹni tó bá fi aṣọ nù ún ti fi yanrìn ha á.

Ti iná ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn ti ń wá nígbà náà. Niamey wọ òkùnkùn, àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ò sì mọ ibi tí a ó fojú sí. Ní àwọn alẹ́ tí òjò ò ṣú, ìràwọ̀ pọ̀ lójú ọ̀run lóòótọ́, ìyẹn sì ni àwọn kan fi ń ṣe ẹ̀rí títí dòní: ẹ ò rí nǹkan, iná ló ń pa ìràwọ̀. Iná pa àwọn tó rẹlẹ̀. Kò pa Alcyone, tó mọ́lẹ̀ jù nínú Pleiades, kò sì pa àwọn mẹ́ta kéékèèké tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Awò tí dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 ń fi wọ́n hàn láàárín ìgboro, gílóòbù ojú pópó ń tàn lẹ́yìn ẹni.

Àwọn tó gbà pé iná ló bà á jẹ́ á wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ wòràwọ̀ lọ sí Agadez, kó wọ aṣálẹ̀ Ténéré. Wọ́n á pòwe lé e pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe náà dára, àmọ́ ìràwọ̀ kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló sì fẹ́ wọ Ténéré lásìkò tí ọ̀nà rí báyìí?

Ohun kan wà tí wọn kì í mẹ́nu bà, òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nǹkan bí dìgírì 13 àbọ̀ ni Niamey fi wà ní àríwá agbedeméjì ayé. Hyades, agbo ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa jù tí ojú lásán ń rí dáadáa, tó nǹkan bí 150 ọdún ìmọ́lẹ̀, wà ní nǹkan bí dìgírì 16 sí àríwá ọ̀run. Ìyẹn ni pé orí ẹni gan-an ló ń gbà kọjá ní Niamey. Pleiades kò fi dìgírì 11 yẹ̀ kúrò lókè orí, M44, agbo mìíràn, kò fi 7 yẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kí ó tó dé ojú ẹni kéré jù lọ lókè orí, eruku inú rẹ̀ náà sì kéré jù níbẹ̀. Ará wa tó wà ní Peckham ní London, Hyades kì í ga kọjá nǹkan bí dìgírì 54 lójú tirẹ̀, ìyẹn lálẹ́ tí ìkùukùu bá gbà fún un. M7 tó wà nídìí ìràwọ̀ Àkéekèé, tó ń ga tó dìgírì 41 ní Niamey, ńṣe ló ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilé fún un. Àwọn agbo NGC 3532 àti NGC 4755 ní apá gúúsù kò tilẹ̀ yọ ní London rárá. Ní Niamey wọ́n ń yọ, àmọ́ nísàlẹ̀ ni, níbi tí eruku ti nípọn jù. Mi ò ní tan yín, ìwọ̀nyẹn gba sùúrù.

Ní àárín oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ le jù, kí ẹni tó bá ń jiyàn jáde ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, kó wòkè. Aldebaran, ìràwọ̀ pupa tó máa rí láàárín Hyades, kò sí nínú agbo náà. Nǹkan bí 65 ọdún ìmọ́lẹ̀ péré ló wà, ó kàn bọ́ sí ojú ọ̀nà ni. Ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, Theta Tauri, ni kó tẹjú mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká á rí i pé méjì ni, láìlo awò kankan. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú méjèèjì tún jẹ́ méjì fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń yí ara wọn po ní nǹkan bí ọjọ́ 141, àmọ́ wọ́n súnmọ́ ara wọn ju ohun tí awò ilé lè yà lọ.

Wàyí o, wíwò nìkan kọ́. Ẹ padà sí Pleiades, kí ẹ wá Asterope. Méjì ni: 21 Tauri àti 22 Tauri. Ẹ má so mọ́tò mọ́ awò yín. Ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan, ayé ń yí fúnra rẹ̀, àwọn ìràwọ̀ á sì máa rọra sún kọjá. Ohun tí ẹ nílò ni ojú-awò, ìyẹn apá ibi tí a ń fojú sí, tó ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn nínú. Ẹ yí i títí ìràwọ̀ á fi máa rìn lórí ìlà kan láìyẹsẹ̀. Ìlà kejì yóò wá dúró bí ògiri níwájú wọn. Bí 21 Tauri bá ti kan ìlà yẹn, ẹ tẹ aago fóònù. Bí 22 Tauri bá kàn án, ẹ tún un tẹ̀. Nǹkan bí sẹ́kọ́ńdì 8.4 ni yóò jẹ́. Àwọn awòràwọ̀ ń pín dìgírì kan sí ọ̀nà 3,600, wọ́n sì ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì igun. Níbi tí Pleiades wà, ọ̀run ń sún ní nǹkan bí 13.7 irú rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì aago kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 115 ni ìkejì fi wà ní ìlà-oòrùn èkíní. Lẹ́yìn náà ẹ wọn igun tí ìlà tó so wọ́n pọ̀ fi yà kúrò ní àríwá, nǹkan bí dìgírì 130, kí ẹ wá fi ìṣirò igun mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì parí rẹ̀. Nǹkan bí 150 ni àlàfo wọn lápapọ̀. Ìka lè kánjú tàbí kó pẹ́ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà tí a sì ń mú agbedeméjì rẹ̀. Kò sí eruku nínú ìṣirò yẹn. Kò sí iná ìgboro nínú rẹ̀.

(Bí ẹ bá ń ṣe èyí níta, ará ọ̀nà á dúró bèèrè ohun tí ẹ rí nípa ọ̀la òun. Ẹ fún un ní ojú-awò kó wò ó fúnra rẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tó tún bèèrè nípa ọ̀la lẹ́yìn tó rí ìbejì.)

Ẹ̀sùn pé awò kékeré kò wúlò kò gba àlàyé púpọ̀. Ìtàn ti dá a lóhùn. Awò sẹ̀ǹtímítà 6, bí afẹ́fẹ́ bá dúró, lè ya ìbejì tí àlàfo wọn tó sẹ́kọ́ńdì igun 2. Sherburne Wesley Burnham, akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Chicago, lo awò tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́, ìbejì tó ti rí lé ní 1,300. William Herschel, tí òun náà wá ìbejì ọ̀run, olórin ni ní Bath. Èyí tó yẹ ká gbé yẹ̀wò jù ní ilẹ̀ Áfíríkà ni Robert Innes. Ọtí wáìnì ló ń tà ní Sydney, ó sì ń fi alẹ́ wá ìbejì ọ̀run fún ìfẹ́ ara rẹ̀. Ìbejì wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, tó fi ríṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Cape ní 1896. Láti ibẹ̀ ó lọ ṣe olórí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Johannesburg. Níbẹ̀ ló ti rí Proxima Centauri ní 1915, ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù lọ.

Ẹ óò ní òyìnbó ni, ìjọba amúnisìn ló sì gbé e ró. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti ọmọ ilẹ̀. Abdou Moumouni Dioffo, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì Niamey, jẹ́ onímọ̀ físíìsì. Oòrùn ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ní Niamey, ní ilé iṣẹ́ agbára oòrùn tí wọ́n ń pè ní ONERSOL nígbà náà. Eruku tó ń bo awò lónìí, òun náà ló ń bo àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò sọ pé ọ̀run Niamey kò ṣe é lò. Ohun tí ọ̀run yẹn ní lọ́pọ̀ ló mú. Ó yà mí lẹ́nu pé inú ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ “kò ṣe é wò” jù.

Ó ku ti Gaia, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Mo gbà pé nínú wíwọn àlàfo ìbejì tó jìnnà síra, kò sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba látorí òrùlé. Àmọ́ ẹ wo ìtàn yìí. Sátẹ́láìtì tó ṣáájú rẹ̀, Hipparcos, gbé ìwọ̀n jáde ní 1997, ó ní Pleiades kò ju nǹkan bí 390 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ta ko gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa bí ìràwọ̀ ṣe ń tàn. Ìjà dé. Ìràwọ̀ ìbejì kan wà lára ohun tó yanjú rẹ̀: Atlas, ọ̀kan nínú Pleiades fúnra rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 291. Ní 2004, àwọn onímọ̀ fi ìyípo yẹn ṣírò bó ṣe jìnnà sí wa, ó sì bọ́ sí nǹkan bí 440. Sátẹ́láìtì ló ṣìnà, ìbejì ló jàre, Gaia alára sì wá gbà pẹ̀lú ìbejì nígbà tó yá. Atlas súnmọ́ra jù fún awò wa, ẹ̀rọ ńlá ló yà á, mi ò sọ pé ará Boukoki ló ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ní sátẹ́láìtì ti parí iṣẹ́ ti gbàgbé 1997.

Ohun kejì tún wà. Tí a bá rí ìràwọ̀ méjì níta agbo, tí Gaia sì sọ pé bákan náà ni wọ́n ṣe jìnnà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń lọ, a lè fọkàn balẹ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Nínú agbo, ẹ̀rí yẹn kò tó. Gbogbo ará agbo ló jìnnà bákan náà. Gbogbo wọn ló ń lọ sọ́nà kan náà! 21 Tauri àti 22 Tauri: ṣé ìbejì tó ń yí ara wọn po ni, tàbí ọmọ ìyá tó kàn ń gbé nítòsí ara wọn? Láti ìgbà tí John Michell, àlùfáà ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1767 ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀. Nínú ìwé kan ṣoṣo yẹn ló ti fi ìṣirò hàn pé ìràwọ̀ méjì-méjì tó pọ̀ tó báyẹn kò lè jẹ́ èèṣì, tó sì tún ṣírò pé bí ẹnì kan bá da ìràwọ̀ sójú ọ̀run láìwòye, èèṣì tó lè kó Pleiades jọ kò ju ẹyọ kan lọ nínú nǹkan bí 500,000. Ìyípo nìkan ló lè fi ìbejì agbo hàn dájúdájú. Fún àwọn tó súnmọ́ra, ìyípo ń gba ọdún mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gaia ṣíwọ́ iṣẹ́ ìwòràwọ̀ ní oṣù Kìíní 2025. Ta ni yóò máa wọ̀n wọ́n lọ?

Ìwé àkójọ ìbejì ọ̀run tó wà ní ilé ìwòràwọ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Washington ní ju 150,000 lọ nínú, àwọn kan sì wà lára wọn tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́. Láti 2005 ni ìwé ìròyìn kan, Journal of Double Star Observations, ti ń gba ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ìfẹ́. Ọjọ́, igun, àlàfo: ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ han àwọn ọmọ iléèwé. A ó gbé awò wá, wọ́n á wo òṣùpá, wọ́n á wo Saturn, wọ́n á pariwo, a ó ya fọ́tò, ó tán. Ọmọ tó lè fi fóònù ka sẹ́kọ́ńdì 8.4 la ti sọ di òǹwòran. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò.

Mo mọ̀ pé ìṣòro wà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo. Láti ìgbà tí ẹnubodè ti di wàhálà ní 2023, ẹrù kì í tètè wọlé, ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nǹkan sì ń gbà dé. Awò kékeré máa ń dé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ojú-awò onílà ni mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni tà ní ọjà Petit Marché tàbí Grand Marché. Kò tóbi ju ìkúùkù lọ, àpò ẹ̀wù gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Paris tàbí Istanbul bọ̀ nílé fún ọdún Iléyá, ẹ mú ọ̀kan lọ́wọ́.